Ìwé crossword tí mo rà ní Lágere

₦1,500 ni mo ra ìwé crossword (eré fífi lẹ́tà ọ̀rọ̀ kún inú àpótí) àlòkù yìí lọ́wọ́ ìyá kan tó ń pàtẹ ìwé ní Lágere, n'Ífẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní cryptic ni, tí gbólóhùn tó ń tọ́ka sí ìdáhùn máa ń ní ẹ̀tàn nínú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àfi bí àlọ́ àpamọ̀: ẹni tó bá ń wá obì nínú "awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́" kò ní rántí ahọ́n láéláé.

Ẹ wo gbólóhùn kan: "Spilt tea: take food", ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. Tíì àti búrẹ́dì ni mo ń rò, àṣé ẹ̀tàn ni. Ìtumọ̀ ìdáhùn máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí gbólóhùn. Níbí, "take food" ni. "Spilt" ń sọ fún wa pé ká da lẹ́tà "tea" rú. Ó di "eat"! Mo pariwo débi pé àbúrò mi sáré wọlé.

Ohun tó dùn mí ni pé ìdáhùn nìkan ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé, láìṣàlàyé bí èèyàn ṣe máa dé ibẹ̀. Ìyẹn ò dáa rárá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sì ti fi báírò kọ ojú-ewé mẹ́rin. Síbẹ̀, mo ti padà lọ bi ìyá náà bóyá òmíràn wà.