Ẹ sá fún dílà tó bá ní pickup oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà òun "kì í mu epo"

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá pickup tòkunbọ̀ tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó kó owó yín fún ẹnikẹ́ni. Bí dílà kan bá sọ fún yín pé Toyota Tacoma oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà tí òun ń tà ń mu epo bíi Corolla, pé òun ti "ṣe é", ẹ dìde níbẹ̀ kí ẹ máa lọ. Irọ́ ni. Wọ́n pa irú irọ́ yìí fún mi, mo sì sanwó irọ́ náà lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí owó mọ́tò!

Ẹyin ni mo ń tà. Mo ń kó o láti àwọn oko adìyẹ lápá Ìjẹ̀bú wá sí Ìbàdàn. Tẹ́lẹ̀, mọ́tò ni mo máa ń háyà, àwọn dírẹ́bà á fọ́ ẹyin mi, wọ́n á tún fowó lé owó. Láti May 2023 tí Tinubu ti gorí àlééfà tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà lé ní 500, ó kọjá 600, nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,000. Nítorí náà ọ̀rọ̀ epo ni mo kọ́kọ́ bi dílà tí mo lọ bá ní Èkó. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé n kò béèrè o. Mo béèrè! Kí n tó béèrè iye mọ́tò pàápàá, mo ní, "Ọ̀gá, báwo ló ṣe ń jẹ epo sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá mi, ẹ jókòó ná." Ó gbé àga fún mi lábẹ́ agboòrùn, ó rán ọmọ kan lọ ra omi tútù. Mọ́tò náà wà níwájú mi, Tacoma 2005, ẹ́ńjìnnì 4.0, ó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ní kò tíì fi táyà tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà ju láti èbúté dé ibi tó wà yẹn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìdarí ọkọ̀, ó fi àpótí kékeré kan hàn mí, iná aláwọ̀ ewé àti pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Wọ́n ti ki àpótí náà bọ ojú ihò tí àwọn rìwáyà máa ń ki skánà bọ̀. Ó ní fuel saver láti Jámánì ni, pé ó ń bá brain box mọ́tò, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, sọ̀rọ̀ kó lè dín epo kù. Kìlómítà 14 sí lítà kan, ó ní. Ó fi Ọlọ́run búra. Ó ní àpótí náà kò sí lára owó mọ́tò, pé 60,000 ni. Mo ná an dé 45,000. Mo ná an o! Mo tilẹ̀ ń yọ̀ pé mo rí i gbà ní ẹ̀dínwó.

Ó ní ká lọ dán an wò. Ó wakọ̀ lọ sí ilé epo, ó kún táǹkì lójú mi títí epo fi fẹ́ máa ṣàn jáde, a wá gba márosẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ẹ̀sì tó ń fẹ́ wa, a lọ, a bọ̀. Nígbà tí a dé, ó ní, "Màmá, ẹ wo ọwọ́ aago epo." Mo wò ó. Orí F ló wà, kò mì. Ta ni kò ní gbàgbọ́? Ẹ sọ fún mi, ta ni?

Ohun tí kò sọ fún mi rèé. Táǹkì Tacoma yẹn ń gba nǹkan bíi 80 lítà. Tí èèyàn bá kún un dé ọrùn, ọwọ́ aago lè wà lórí F fún ìgbà pípẹ́ kó tó máa wálẹ̀. Mọ́tò lè ti mu lítà méje tàbí mẹ́jọ kí aago tó jẹ́wọ́. Kò sí idán níbẹ̀. Ó kàn mọ bí aago ṣe ń ṣe, èmi kò mọ̀.

Àbúrò ọkọ mi, tó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán, ní ṣé n kò lè mú mẹkáníìkì dání ni. Mo mú mẹkáníìkì dání! Ẹni tó ti ń bá mi tún mọ́tò ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà òun àti dílà bọ́ sẹ́yìn kọ̀ńténà kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó padà, ó ní, "Màmá, mọ́tò yìí kò lárùn, ẹ sanwó." N kò lẹ́rìí pé wọ́n fún un ní nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ló ń wá lẹ́yìn kọ̀ńténà?

Mílíọ̀nù mọ́kànlá náírà ni mo san. Owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wà nínú rẹ̀.

Láti Èkó dé Ìbàdàn kò ju nǹkan bíi kìlómítà 127 lọ lójú márosẹ̀. Kí n tó wọ ìloro Ìbàdàn, aago epo ti ń sún mọ́ ìdajì. Mo ní bóyá sún kẹrẹ fà kẹrẹ Mowe ló fà á. Nígbà tí mo kó ẹyin sẹ́yìn rẹ̀ lọ, lọ́tẹ̀ yìí mo kún táǹkì, mo kọ nọ́ńbà tó ń ka ìrìn mọ́tò lórí dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, mo wà á, mo tún kún un. Kìlómítà mẹ́rin sí lítà kan! Ẹ bá mi ṣírò o: tí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, 250 náírà ni kìlómítà kan. Ní iye tí ọkùnrin yẹn búra lé lórí, kò yẹ kó tó 75. Èrè orí ẹyin ti wọ inú táǹkì lọ pátápátá.

Rìwáyà mìíràn, tí dílà àti mẹkáníìkì mi kò mọ̀ rí, ló là mí lójú. Ó yọ àpótí Jámánì yẹn, ó fi ìmú skurúdíráfà ṣí i. Iná kéékèèké àti ohun tó ń mú wọn ṣẹ́jú ló wà nínú rẹ̀. Kò sí wáyà kan tó kan ibi tí brain box ti ń sọ̀rọ̀. Ó kàn ń gba iná lára mọ́tò láti fi ṣẹ́jú ni! 45,000 náírà fún iná Kérésì! Wọ́n sì ti ń ta irú ẹ̀ ní ibi gbogbo láyé. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, EPA, ti yẹ ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ wò, wọn kò rí ọ̀kan tó dín epo kù lọ́nà tó nítumọ̀, àwọn mìíràn tiẹ̀ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Rìwáyà wá ní kí n tan kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì. Iná check engine kò yọ rárá. Ó ní ó yẹ kó yọ, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde. Ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù: tépù dúdú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú iná náà! Ó ki skánà bọ̀ ọ́, kóòdù àṣìṣe P0128 jáde, ìyẹn ni pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ. Oxygen sensor iwájú sì ti kú. Thermostat, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dé bó ṣe yẹ ńkọ́? Wọ́n ti yọ ọ́ dànù. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá gbóná dáadáa, brain box rẹ̀ á máa rò pé àárọ̀ kùtù ni, á máa da epo kún epo. Sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó sọ fún un pé epo ti pọ̀ jù náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́tò mọ́, tó wà lábẹ́ ńkọ́? Wọ́n ti gé e tà, wọ́n fi páìpù lásán jó o pọ̀.

Ibí yìí gan-an ni inú ti bí mi jù. Ta ni yóò yọ thermostat mọ́tò ní Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti ń já bọ́? Àwọn mẹkáníìkì ìlú wa níbí ló máa ń yọ ọ́, wọ́n á ní ooru wa ti pọ̀ jù, kò wúlò. Ìyẹn ni pé mọ́tò tí ẹnì kan ti lò gbó ní Nàìjíríà ni ó tún fọ̀, tó tún kùn, tó pè ní tòkunbọ̀ fún mi!

Ká tiẹ̀ ní kò sí ohun tó ṣe é, 4.0 oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà tó ní 4x4 kò lè ṣe kìlómítà 14 láéláé. Láàárín máìlì 15 sí 20 sí gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan ni àwọn oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà (V6) àtijọ́ wọ̀nyí máa ń wà, èyí jẹ́ kìlómítà 6 sí 8 ààbọ̀ sí lítà kan. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, 3.4 tí wọ́n ṣe títí dé 2004, kò sàn jù ú. Ẹ lọ sí fueleconomy.gov, ẹ tẹ ọdún àti ẹ́ńjìnnì sí i, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́lẹ̀, n kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Níbo ni n bá ti mọ̀? Ẹyin ni mo ń tà, n kì í ta mọ́tò.

Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ rí iná check engine kí ó yọ kó tó kú. Ẹ mú rìwáyà tí ẹ fúnra yín wá rí, pẹ̀lú skánà tirẹ̀, kó wò ó bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́. Aago ooru gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí àárín, kó sì dúró síbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ fún páìpù tí wọ́n jó. Ohunkóhun tí wọ́n bá ki bọ abẹ́ ìdarí, ẹ fà á yọ. Ẹ má wo aago epo: ẹ kún un, ẹ wà á, ẹ tún kún un níbi pọ́ǹpù kan náà, ẹ wá fi iye lítà tó gbà pín iye kìlómítà tí ẹ wà. Bí pọ́ǹpù yẹn kò bá ti rẹ́ yín jẹ, nítorí àwọn náà ni mi ò fọkàn tán mọ́. Onítòmátì tó ń kó èyí tó jẹrà sísàlẹ̀, alágbo tó ń po omi mọ́ ọn, dílà mọ́tò, gbogbo wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n!

Mo pe ọkùnrin yẹn. Ó ní, "Màmá, ẹ ń tẹ iná jù ni." Èmi tí mo ń gbé ẹyin! Láti ìgbà yẹn nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo ti ra thermostat àti sẹ́ńsọ̀ ní Gate n'Ìbàdàn, ó ti ń sún mọ́ kìlómítà méje, ìyẹn ni pé ó ti di ohun tó yẹ kó jẹ́ láti ọjọ́ tí mo rà á. Ọmọ mi tó jẹ́ agbẹjọ́rò ní kí n má dárúkọ rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá fẹ́ ra pickup lójú márosẹ̀ Èkó, kó bi mí ní kọ̀rọ̀ kó tó lọ, màá sọ ṣọ́ọ̀bù tí kò gbọ́dọ̀ yà sí.