Igbó Inú Máàpù: Sọ́fítíwià Wo Ló Tó Owó Ẹ̀?

Ẹni tó bá ti fọwọ́ ya máàpù ìtàn àròsọ rí mọ̀ pé òkè àti odò kọ́ ló ń tánni lókun, igi ni. Òkè mẹ́wàá tó fún ilẹ̀ kan. Igbó kan ṣoṣo lè gba 400 igi, kó sì tó pé 200, ọwọ́ á ti rẹ̀ yín, gbogbo wọn á wá máa rí bákan náà. Ibi tí sọ́fítíwià ti ń gbani nìyẹn. Mẹ́fà nínú wọn ni mo ti lò débi tí mo fi lè sọ̀rọ̀ wọn.

Kí owó tó jáde lápò

Iye igi tó wà nínú sọ́fítíwià ni ìpolówó sábà máa ń pariwo. Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú. Etí igbó ni kí ẹ wò. Nínú irú máàpù yìí, igi tó wà nísàlẹ̀ ló sún mọ́ ẹni tó ń wò ó, òun ló sì gbọ́dọ̀ bo ìdí igi tó wà lókè rẹ̀. Sọ́fítíwià tí kò mọ ìyẹn á gbé ìdí igi ẹ̀yìn lé igi iwájú lórí, igbó á wá dà bí èrò tó ń gun ara wọn léjìká.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọra. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe, ṣùgbọ́n àwọn sọ́fítíwià kan ò gbọ́ òwe yẹn rí: àwòrán igi kan náà ni wọ́n á tẹ̀ nígbà 500. Èmi ò lè gba ohun tó dín ní oríṣi 8, kí títóbi wọn sì máa yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí igi ṣe fọ́n ká náà ṣe pàtàkì. Bí kọ̀ǹpútà bá kàn ń ju igi síbi tó wù ú, wọ́n á ṣùjọ níbì kan, ibòmíì á pá. Ọ̀nà tó dáa jù ni Poisson disk sampling, èyí tí Robert Bridson kọ bí a ṣe lè ṣe é kíákíá sílẹ̀ ní 2007: igi kan ò ní sún mọ́ òmíràn kọjá ìwọ̀n kan, síbẹ̀ wọn ò ní tò bí ebè. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ìṣirò rẹ̀. Ẹ kun igbó ńlá kan, ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ rọra dijú díẹ̀. Bí ìlà bá hàn, ẹ máa bá tiyín lọ.

GIMP àti Krita, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wonderdraft

Sọ́fítíwià àwòrán yíyà ni GIMP àti Krita, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ń lo burọ́ọ̀ṣì onífáìlì .gih, tó lè kó àwòrán púpọ̀ sínú burọ́ọ̀ṣì kan, kó máa ṣa ọ̀kan bó ṣe wù ú nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Igi tí ẹ fọwọ́ ara yín yà lẹ máa kó sínú rẹ̀, kò sì sí máàpù ẹlòmíì tó máa jọ tiyín. Àríwá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kùn ún bọ̀ wá sí gúúsù ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀, torí èyí tí ẹ bá kùn kẹ́yìn ló máa wà lókè.

Àbùkù wọn ni pé àwọ̀ lásán ni igi yín ti dà lórí pépà. Oníbàárà kan dúró kí n kun igbó tán kó tó sọ pé odò gbọ́dọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo nu ọ̀nà odò, igi etí rẹ̀ bá di abẹ́lórí. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi tún un ṣe.

Igi kọ̀ọ̀kan dá dúró ní ti Wonderdraft, sọ́fítíwià tí wọ́n dìídì ṣe fún máàpù. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á yọjú ní odindi. Òun fúnra rẹ̀ ló ń to èyí tó máa wà níwájú, igi rẹ̀ sì lè gba àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa sanwó, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́, ó wà fún Windows, Mac àti Linux. Wàhálà rẹ̀ ni pé ojú ti mọ igi tó bá a wá. Ẹ kó àwòrán PNG tiyín sínú rẹ̀.

Inkarnate, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Campaign Cartographer

Inú bíráúsà ni Inkarnate ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ọmọdé pàápàá á tètè mọ̀ ọ́n. Òǹtẹ̀ (àwòrán igi, òkè àti irú wọn tí ẹ ń tẹ̀ sórí máàpù) tó wà nínú ti ọ̀fẹ́ kò pọ̀, ẹ ò sì lè ta máàpù tí ẹ bá fi ṣe. Ẹ gbọ́dọ̀ san àsansílẹ̀ fún Pro. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Òdìkejì rẹ̀ ni Campaign Cartographer 3+ ti ilé iṣẹ́ ProFantasy, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 1993. Windows nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ fa ààlà igbó, ẹ ní kó fi igi kún inú rẹ̀, ó parí. Àmọ́ irú sọ́fítíwià tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò ni wọ́n kọ́ ọ lé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á sì mú yín bínú. Ẹni tó fẹ́ ya odindi ayé kan ni mo lè ní kó rà á.

Azgaar kò sí fún kíkun igbó. Ọ̀fẹ́ ni, odindi ilẹ̀ ló ń dá yà, tó sì ń fi ooru àti ọ̀rinrin mọ ibi tó yẹ kí igbó hù. Ẹ fi ṣe àtẹ̀gùn: kó fi ibi tí igbó máa wà hàn yín, kí ẹ wá fi sọ́fítíwià mìíràn kùn ún.

Bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ sórí pépà A3 ní 300 dpi (píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan), píksẹ́lì 3508 sí 4961 ni. Igi oní-píksẹ́lì 40 kò ní ju mílímítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ níbẹ̀, nítorí náà, ẹ wọn àwòrán igi kí ẹ tó sanwó fún un.

Bí wọ́n bá gbà yín láyè láti dán an wò, igbó tó ní àlàfo láàárín ni kí ẹ kùn. Ẹ wo apá òkè àlàfo náà: ìdí igi gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ wá wo apá ìsàlẹ̀: orí igi nìkan ló yẹ kó yọ, kó bo díẹ̀ lára ilẹ̀ àlàfo náà.