Títún ojú kámẹ́rà ọkọ̀ ṣe ní Àbújá: nínú gáréèjì ni àbí lójú títì?

Bí ẹ bá pààrọ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀ ìgbàlódé, tàbí tí wọ́n tú bọ́ńpà rẹ̀ láti lù ú gún, kámẹ́rà tó wà lókè gíláàsì àti rédà tó wà níwájú, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà kí ọkọ̀ lè kìlọ̀ tàbí kó tẹ bírékì fúnra rẹ̀, lè má kọjú síbi tó yẹ mọ́, àfi kí a tún ojú wọn ṣe. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é: àṣedúró nínú gáréèjì àti àṣerìn lójú títì. Ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ń sọ èyí tó tọ́ sí i, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì ń béèrè méjèèjì, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó pọ́ọ́kú fà yín sí èyí tí kò bá ọkọ̀ yín mu.

Fún àṣedúró, wọ́n á gbé pátákó alámì síwájú ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, wọ́n á wọn bó ṣe jìnnà àti bó ṣe ga, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i pé afẹ́fẹ́ táyà pé, pé aláìnímẹ́ǹtì gún, àti pé kò sí ẹrù nínú búùtù. Bí rédà bá fi dígíríì 1 péré yà, ní 100 mítà ó ti ṣìnà ní nǹkan bíi mítà 1.75, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àyè tí ọkọ̀ kan ń gbà lójú títì. Ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni ọkọ̀ yín yóò máa tẹ bírékì fún. Síbẹ̀, mo ti rí ibi tí wọ́n gbé pátákó náà sábẹ́ igi máńgòrò, tí atẹ́gùn ń mì í.

Àṣerìn kò gba àyè nínú gáréèjì rárá. Wọ́n á so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ihò abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, wọ́n á sì wa ọkọ̀ ní eré tí ìwé sọ, níbi tí ìlà títì ti hàn kedere. Ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú tàbí ọ̀nà Kubwa lè ṣeé ṣe ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú. Àdúgbò tí ọ̀dà títì rẹ̀ ti pa rẹ́, epo lásán ni ẹ ó jó níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ń bo ìlà àti gíláàsì, àṣedúró ni èmi yóò yàn, bí ìwé ọkọ̀ bá gbà á láàyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ wo àmì ilé iṣẹ́ tó wà níwájú ọkọ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn àmì yìí ni rédà ọ̀pọ̀ Toyota tó ní Safety Sense (ètò ààbò Toyota), tó jáde láti 2015, máa ń wà, àmì ayédèrú sì lè dí i lójú. Ojú kéékèèké inú bọ́ńpà tó ń ké nígbà tí ẹ bá ń ríwáàsì kì í sábà nílò wàhálà yìí.

Pé iná kò tàn lórí dáṣíbọọ̀dù kì í ṣe ẹ̀rí pé ojú kámẹ́rà gún. Ẹ béèrè ìwé àbájáde tí nọ́mbà ṣásì ọkọ̀ yín wà lórí rẹ̀, kí ẹ tó san owó tó kù.