Ìtẹ̀lẹ̀ bàtà fún gìgísẹ̀ tó ń dun ẹni tó ń sáré: ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má gba gbogbo ohun tí ọlọ́jà bá sọ gbọ́

Tó bá jẹ́ pé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló máa ń dùn yín jù ní gìgísẹ̀, bíi pé ẹ tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, tó sì ń rọlẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, ìtẹ̀lẹ̀ inú bàtà (insole) tí mò ń sọ yìí lè bá yín dín in kù. Kò ní wò ó sàn o. Ìyẹn ni ẹni tó tà á fún mi ò sọ.

Plantar fasciitis ni wọ́n ń pe ìrora yìí ní ọsibítù. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀, láti egungun gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ ìka. Béèyàn bá ṣàdéédé fi kún eré tó ń sá, bá a ṣe máa ń ṣe tí Lagos City Marathon bá ti ń sún mọ́lé, iṣan yìí ló máa ń forí fá a. Orí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí lèmi ti ń sáré. Kò gùn, àlọ àti àbọ̀ la sì ń sá a, ibi tó ti ń gòkè yẹn ló ń fa ẹran ẹ̀yìn ojúgun, òun náà á wá máa fa gìgísẹ̀.

Ike líle ló wà nísàlẹ̀ ìtẹ̀lẹ̀ náà, fóòmù wà lórí. Ẹ̀yìn rẹ̀ jìn, ó gbá gìgísẹ̀ mú dáadáa. ₦18,000 ni mo rà á ní Yábàá lẹ́yìn tá a ti náà á títí. Mo yọ èyí tó bá bàtà mi wá, mo gbé e lé tuntun lórí, mo fi báírò fa ìlà yíká iwájú rẹ̀, mo wá fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ẹ má to méjèèjì léra wọn: ẹsẹ̀ á ga sókè, gìgísẹ̀ á máa yọ, èékánná á sì máa ha bàtà lókè títí á fi dúdú.

Ọlọ́jà ní kí n wọ̀ ọ́ sáré lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni. Rírìn nìkan ni mo kọ́kọ́ fi í ṣe, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ mi lé, omi kún un. Nígbà tí ara gbà á tán, ìrora òwúrọ̀ dín kù gan-an. Àbúrò mi tí àtẹ́lẹsẹ̀ tiẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ wọ̀ ọ́ wò, kò lè fi rìn dé géètì.

Ó máa ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ nínú bàtà. Páúdà ló pa á lẹ́nu mọ́. Aṣọ orí fóòmù náà ti ń ṣí létí, òógùn Èkó ò sì jẹ́ kó rùn ire.

Ohun tó ṣe iṣẹ́ jù, ọ̀fẹ́ ni. Físíò (ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú iṣan àti egungun) tí mo lọ rí ní kí n ká táwẹ̀lì sábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ létí àtẹ̀gùn, kí n máa rọra gbé gìgísẹ̀ sókè, kí n máa rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, màá fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Lálẹ́, màá yí ike omi dídì lábẹ́ ẹsẹ̀, ìyẹn tí iná bá wà. Òun náà ló ní kí n má wulẹ̀ náwó sórí èyí tí wọ́n máa ń wọn ẹsẹ̀ ẹni ṣe, pé èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ fún gìgísẹ̀ lọ́tùn-ún lósì tó sì dùn wọra, tàbí tó ń dùn yín lóru, ẹ lọ rí dókítà, ó lè jẹ́ egungun ló là. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà, kó má ra nǹkan kan kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Máàkì mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ mú bàtà tẹ́ ẹ fi ń sáré dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù o, torí sáìsì 43 tiwọn kéré sí 43 tó wà lára bàtà mi.