Mo ṣe kọ́ọ̀sì kan náà lẹ́ẹ̀mejì: olùkọ́-ń-sọ, lẹ́yìn náà iṣẹ́ àkànṣe

Bírò pupa ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Mo fìdí rẹmi nínú Statistics lọ́dún àkọ́kọ́. Olùkọ́ ń sọ, àwa ń kọ. Ó mọ̀ ọ́n sọ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo há gbogbo fọ́múlà sórí. Ìdánwò dé, gbogbo ẹ̀ fò lọ. Ìgbà tí mo máa tún un ṣe, wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ àkànṣe: ẹ pín ara yín ní márùn-ún márùn-ún, ẹ lọ wo bí èèyàn ṣe ń pẹ́ tó lórí ìlà nílé ìkàwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni inú fi ń bí mi. Ohunkóhun tó o bá bi olùkọ́ tuntun yìí, ìbéèrè ló máa fi dá ẹ lóhùn. "Sà, ẹni mélòó ló yẹ ká kà?" "Ẹ̀yin ńkọ́, mélòó lẹ rò pé ó tó?" Ṣé torí èyí ni mo ṣe sanwó iléèwé? Ẹnì kan nínú wa ò tiẹ̀ yọjú. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ìgbékalẹ̀ ló fi iye ìṣẹ́jú èèyàn 40 ránṣẹ́.

Olùkọ́ wo ìwé wa títí, kò sọ̀rọ̀. Ló bá fi bírò pupa yí ti ẹni yẹn po: 5, 10, 15, 10, 20. Ó ní, "Àwọn yòókù ní 7, wọ́n ní 13, wọ́n ní 31. Tibí ò kúrò ní márùn-ún márùn-ún. Ta ló di aago mú?" Kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀gbẹ́ni ń wo bàtà ẹ̀.

Kò lé wa. Ó ní ká yọ 40 yẹn kúrò, ká tún ìṣirò ṣe níwájú òun. Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní standard deviation, ìyẹn bí àwọn nọ́ńbà ṣe ń jìnnà sí àárín tó, ti yé mi. 31 yẹn, ọkùnrin kan tó ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni, èmi ni mo ka ìṣẹ́jú ẹ̀.

Ìwádìí 2014 kan tó kó iṣẹ́ ìwádìí 225 jọ lórí sáyẹ́ǹsì, ẹ̀rọ àti ìṣirò sọ pé bí 34 nínú 100 ló ń fìdí rẹmi níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ, bí 22 níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Mo gbà, mo yege lọ́tẹ̀ yìí.

Àmọ́ máàkì kan náà ni wọ́n fún àwa márààrún! Mo gba ọ́fíìsì olùkọ́ lọ. Ó ní, "Kí lo ṣe nígbà tó o rí i pé kò wá?" Ìbéèrè míì! Mi ò rí èsì fọ̀, inú sì ń bí mi dòní.

Iṣẹ́ àkànṣe: ìràwọ̀ 2 nínú 5. Olùkọ́-ń-sọ tí mo ti fìdí rẹmi: 3.