Pẹpẹ Ìtàn Ilé Ìtàwé Kan ní Àjàṣẹ́

Mo yin ilé ìtàwé kékeré tí mo máa ń lọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nítorí pé owó ìwé wọn kò gani lára, ìyá tó ni ín sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn jókòó kàwé díẹ̀ kí ó tó rà á. Pẹpẹ ìtàn nìkan ló dùn mí: ìwé 14 ló wà lórí Gíríìkì, ẹyọ kan péré lórí Páṣíà, ìyẹn Ìráànì àtijọ́, eruku sì ti bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá ní ohun tí wọ́n bá kó wá láti Faransé ni òun ń tà, mo sì gbà, nítorí àwọn Gíríìkì bíi Herodotus ló kọ ìtàn ogun àwọn méjèèjì, èdè wọn sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ Yúróòpù nílé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa tí a ní arọ́kìn mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ọ̀tá ẹni bá di òpìtàn ẹni. Dáríúsì, ọba Páṣíà, gbẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sára àpáta Behistun ní Ìráànì ní èdè mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó di ọ̀rúndún 19 kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó tún lè kà á. Àwòrán àpáta náà gba ojú ewé méjì nínú ìwé eléruku yẹn. Mo rà á, mo sì bẹ ìyá kí wọ́n bá wa wá irú rẹ̀ sí i.