Gríìn gọ́ọ̀fù tí òtútù bàjẹ́: irúgbìn, plọ́ọ̀gì àbí koríko kíká, èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà?

Gríìn ni ibi tí wọ́n ti ń gé koríko kúrú gan-an yí ihò gọ́ọ̀fù ká. Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá koríko yẹn kú lóòótọ́. Gríìn tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́yìn òtútù, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló kú o. Snow mold aláwọ̀ eérú, ìyẹn àrùn olú tí wọ́n ń pè ní Typhula tó máa ń mú koríko lábẹ́ yìnyín, ewé ló sábà máa ń jẹ, ìdí koríko á ṣì wà láàyè, tí ilẹ̀ bá ti ń móoru ó máa rú padà fúnra ẹ̀. Èyí tó ń pa á pátápátá ni yìnyín tó bo ilẹ̀ dí tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, àbí kí yìnyín yọ́ lọ́sàn-án kí koríko mu omi ẹ̀ yó kí gbogbo ẹ̀ tún wá dì lóru. Irú koríko náà sì ní tiẹ̀ ńbẹ̀: tí yìnyín bá bo Poa annua, koríko tó máa ń hù fúnra ẹ̀ lórí gríìn, tó nǹkan bí ọjọ́ 60, ọ̀rọ̀ ti ń di ẹtì, creeping bentgrass, koríko tí wọ́n sábà máa ń gbìn sórí gríìn, sì lè fara da ju ọjọ́ 90 lọ. Nítorí náà ẹ gé plọ́ọ̀gì, ìyẹn koríko tí wọ́n gé róbótó tòun ti ilẹ̀ ìdí ẹ̀, mélòó kan níbi tó burú àti níbi tó jọ pé ó dáa, ẹ gbé e sínú ilé lójú fèrèsé níbi tó móoru, ẹ bomi rin ín, kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Tí ewé tútù bá ń yọ, ẹ fi owó yín sápò.

Tó bá kú lóòótọ́ ńkọ́?

Irúgbìn ló wọ́n kéré jù, òun náà ló sì ń tán sùúrù èèyàn jù. Hóró bentgrass kéré gan-an, kílò kan ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 10 hóró, torí náà gíráàmù 5 sí 7 ti tó fún mítà kan níbùú lóròó. Àwọn tó ń dà á sílẹ̀ wàìwàì, owó ni wọ́n ń dà nù, torí tó bá ti pọ̀ jù koríko á máa fún ara wọn lọ́rùn ni. Ibi tọ́ràn wà ni ooru ilẹ̀. Ní nǹkan bíi digírì 10 ó lè hù àmọ́ á máa fà, ó di digírì 15 sókè kó tó gbádùn ara ẹ̀. Poa ní tiẹ̀ ò dúró de ìyẹn, ó máa ń hù nínú ilẹ̀ tó ṣì tutù, ìyẹn ni pé ibi tẹ́ ẹ fi irúgbìn olówó iyebíye sí lè kún fún Poa kí tiyín tó jí. Ẹ ra tẹmọ́mítà ilẹ̀, ẹ máa kì í bọlẹ̀ láàárọ̀, ẹ yéé wo kàlẹ́ńdà. Kẹ́ ẹ tún gún ilẹ̀ yẹn ní ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ dáadáa kí hóró lè wọlé fara kan ilẹ̀, torí èyí tó bá jókòó sórí òkú koríko gbígbẹ ló máa kú sí. Ẹ fọkàn sí i pé ó máa tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ oògùn tẹ́ ẹ fọ́n wò kẹ́ ẹ tó sanwó irúgbìn. Tẹ́ ẹ bá ti fọ́n prodiamine tàbí dithiopyr kí èpò má baà hù, irúgbìn tiyín náà ò ní hù, oògùn ò mọ̀ pé ọmọ onílé lèyí.

Koríko kíká, ìyẹn èyí tí wọ́n gbìn síbòmíràn tí wọ́n gé tòun ti gbòǹgbò tí wọ́n ká bí ẹní, òun ló yá jù, òun náà ló sì wọ́n jù. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á, ẹ bi í pé orí ilẹ̀ wo ló gbìn ín sí. Ìsàlẹ̀ gríìn tó pọ̀ jù lónìí, iyanrìn ni. Tẹ́ ẹ bá lọ tẹ́ koríko tó wá pẹ̀lú ilẹ̀ amọ̀ lé iyanrìn, omi á dúró sáàárín àwọn méjèèjì, gbòǹgbò ò ní fẹ́ wọ ìsàlẹ̀, nígbà tí oòrùn bá mú gan-an ẹ máa rí i tó ń kú lẹ́ẹ̀kejì, owó ti wọlé owó ti jáde. Ẹ gba díẹ̀ lára ilẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ fi í wé tiyín kó tó kó o wá. Àwọn kan máa ń fọ ilẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò pátápátá, ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ amọ̀ àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ rárá láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n gé nípọn máa ń tètè ṣe é gbá lé nítorí ó wúwo, kì í sún kiri, ṣùgbọ́n gbígbé ẹ̀ ń dá èèyàn lẹ́yìn. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń gé e kúrú tó níbi tó ti wá, torí tí tiyín bá jẹ́ mìlímítà 3 tí tiwọn sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀ lẹ máa fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Plọ́ọ̀gì lèmi fẹ́ràn jù tí ibi tó kú ò bá tóbi. Irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń gé ihò gọ́ọ̀fù, mìlímítà 108 yẹn, ti tó. Ẹ gé òkú kúrò, ẹ gé alààyè láti nọ́sìrì yín, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ gbin koríko àfirọ́pò sí, tàbí ẹ̀gbẹ́ gríìn ìdánrawò wá dí i. Koríko kan náà, ilẹ̀ kan náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ ṣáà rí i pé ó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, torí tó bá yọ sókè díẹ̀ báyìí máṣíìnì á fá a lórí. Bí ibi tó kú bá ti ń lọ bíi ìdá kan nínú mẹ́rin gríìn, ẹ gbàgbé ẹ̀, ìnira ẹ̀ á pọ̀ ju èrè lọ.

Ẹ̀yin tó ní koríko bermuda kékeré, ìyẹn koríko ilẹ̀ olóoru, bíi TifEagle, ọ̀rọ̀ irúgbìn ò kàn yín rárá, kì í so irúgbìn tó ń hù. Ẹ̀ka koríko, plọ́ọ̀gì tàbí koríko kíká nìkan lẹ lè rà, ẹ sì dúró kí ooru wọlé dáadáa ná.

Ó ku kọ́fà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń tẹ́ bo gríìn. Oríṣi méjì ló wà, àwọn èèyàn sì ń ra òdì kejì. Èyí tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lẹ máa fi bo irúgbìn, ó máa ń mú ilẹ̀ móoru ju ìta lọ. Èyí tí ò jẹ́ kí omi kọjá, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó má jẹ́ kí omi yìnyín dé ìdí koríko nígbà òtútù, kì í ṣe ti irúgbìn. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àrùn ti ń jẹ ọmọ koríko lábẹ́ ẹ̀.